Chlorine ń dín agbára òrùka bẹ́ńsíìnì kù, síbẹ̀ ortho àti para ló ń darí sí: ẹ là mí lọ́yẹ

Ọmọ_Kẹ́mísìrì

Ẹ̀yin àgbà ibí, mo kí yín o. Ìdánwò ọ̀gáníìkì ti dé tán, orí mi sì ti ń gbóná. Mo ti há tábìlì kan sórí: gúrúùpù tó bá ń ta òrùka bẹ́ńsíìnì jí, ortho àti para ló ń darí nǹkan tuntun sí; èyí tó bá ń mú un rọ, meta ni. (Ortho ni igun tó kan gúrúùpù náà gan-an, meta ni èyí tó tẹ̀ lé e, para ni èyí tó kọjú sí i ní òdìkejì.) OH, NH₂, OCH₃ àti CH₃ wà lápá kan. NO₂, CN, COOH, SO₃H àti CHO wà lápá kejì. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí mo fi dé ọ̀dọ̀ chlorine. Ìwé ní ó ń dín agbára òrùka kù, ìwé kan náà tún ní ortho àti para ló ń darí sí. Kí ló dé tí kò tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Èkejì: ìbéèrè àtijọ́ kan ní kí a da nitric acid àti sulphuric acid tó le pọ̀ mọ́ aniline, ìyẹn bẹ́ńsíìnì tó ní NH₂ lórí. NH₂ sì wà lára àwọn tó ń ta òrùka jí jù lọ. Ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ní meta tó jáde níbẹ̀ kò kéré rárá. Ṣé ìwé ló ṣì í tẹ̀ ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n há a sórí. Mo ti há a, kò wọlé.

Ìdárayá99

Há a sórí náà ni o 😄. Halogen mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, F, Cl, Br, I: wọ́n ń dín in kù, ortho àti para ni wọ́n ń darí sí. Kọ ọ́ sí etí tábìlì rẹ, kí o lọ sùn. Èmi ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì yege.

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù

Àbúrò, má dá Ìdárayá lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò. Tí o bá ti di gbòǹgbò yẹn mú, wàá lè kọ tábìlì náà fúnra rẹ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Mú bébà. Ya òrùka onígun mẹ́fà, kọ nọ́ńbà 1 dé 6 sí àwọn igun rẹ̀, kí o fi gúrúùpù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sórí 1. Ẹ̀lẹ́kítírófáìlì tó ń bọ̀, bíi NO₂⁺, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àlejò. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni àlejò yìí ń wá. Òrùka á fún un ní méjì nínú mẹ́fà tó ń yípo lórí rẹ̀, àlejò á fi wọ́n so mọ́ kábọ̀n kan. Nígbà náà, òrùka ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, ṣáàjì + ti bọ́ sí i lórí. Ẹ̀dá agbedeméjì yìí ni wọ́n ń pè ní arenium ion. Àwọn ìwé kan fi orúkọ Wheland pè é. Kì í pẹ́ láyé. Háídírójìn orí kábọ̀n yẹn á já bọ́ ní wàrà, òrùka á sì padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtidé ibẹ̀ ni òkè tó ga jù lójú ọ̀nà náà. Ohunkóhun tó bá ń tu arenium ion lára ń sọ òkè náà di kékeré.

Ibo wá ni ṣáàjì + yẹn ń wà? Fi ọwọ́ ara rẹ yà á, má kàn wò ó nínú ìwé:

Tí àlejò bá so mọ́ 2 (ortho), ṣáàjì + á pín sórí 1, 3 àti 5.
Tó bá so mọ́ 4 (para), orí 1, 3 àti 5 náà ni.
Tó bá so mọ́ 3 (meta), orí 2, 4 àti 6 ni.

O rí i? Ní ortho àti para, ṣáàjì + ń dé orí 1 gan-an, níbi tí gúrúùpù àkọ́kọ́ jókòó sí. Ní meta, kò dé ibẹ̀ rárá. Nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: gúrúùpù tó wà lórí 1 yìí, ṣé ó lè gba ṣáàjì + mọ́ra àbí kò lè gbà á?

OCH₃ lè gbà á. Oxygen rẹ̀ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí kò tíì lò. Á tì wọ́n sí kábọ̀n 1, bọ́ǹdì ẹlẹ́ẹ̀mejì á wà láàárín wọn, ìyẹn á di àwòrán kẹrin, lẹ́yìn mẹ́ta tí ṣáàjì + ti wà lórí 1, 3 àti 5. Yàtọ̀ sí háídírójìn, gbogbo átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ-mẹ́jọ wọn pé. Àwòrán kẹrin yìí kò sí fún meta. CH₃ kò ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dá wà, ṣùgbọ́n bọ́ǹdì C–H rẹ̀ ń ya díẹ̀ nínú tirẹ̀ fún òrùka, ìyẹn náà ń ran ni lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan. NO₂ ńkọ́? Nitrogen rẹ̀ ti ní ṣáàjì + tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí + méjì wá fara kanra? Wọn ò ní gbà fúnra wọn.

Ṣàṣàrò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Èyí já gaara. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé NO₂ máa ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kún meta, ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń lọ síbẹ̀.

Arábìnrin_Nitro

Rárá o, Ṣàṣàrò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí nìyẹn. NO₂ kì í fi nǹkan kan kún ibì kankan. Ó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lórí kábọ̀n márààrún tó kù, meta náà kò sì yọ sílẹ̀. Àmọ́ ó ń jẹ ortho àti para níyà ju meta lọ, torí náà meta ni ibi tó sàn díẹ̀ nínú ibi tí kò dára.

Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Tí a bá fi nitric acid bá nitrobenzene (bẹ́ńsíìnì tó ní NO₂ lórí) ṣiṣẹ́, meta tó ń jáde tó nǹkan bíi 93%, ortho bíi 6%, para kò ju nǹkan bíi 1% lọ. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á rò pé meta ń gbádùn. Ẹ wá wo ìyára: nitrobenzene lọ́ra ju bẹ́ńsíìnì lásán lọ ní ìlọ́po tó ju mílíọ̀nù 10. Ìyẹn ni pé meta tí ẹ ń rí yẹn gan-an, tí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igun kan lára bẹ́ńsíìnì tí kò ní nǹkan kan lórí, òkú ni.

Ẹ̀yìn CH₃ ni kí ẹ wò láti rí òdìkejì rẹ̀. Toluene, ìyẹn bẹ́ńsíìnì tó ní CH₃ lórí, yára ju bẹ́ńsíìnì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25. Tí ẹ bá wá mú igun kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wé igun kan lára bẹ́ńsíìnì, ortho yára ní bíi 42, para ní bíi 58, meta ní bíi 2.5. Ẹ ò rí i pé meta náà ju 1 lọ? CH₃ ran gbogbo igun lọ́wọ́, ó kàn ran àwọn kan lọ́wọ́ jù ni.

Ọmọ_Kẹ́mísìrì

Ẹ̀gbọ́n, àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ya á, + ò dé orí 1 ní meta lóòótọ́. Mo ń padà sórí chlorine mi o. Ṣé ó lè gba + mọ́ra àbí kò lè gbà á?

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù

Ìbéèrè méjì lo so pọ̀ di ọ̀kan. Tú wọn.

Ìbéèrè kìíní: ṣé òrùka yìí á yára ju bẹ́ńsíìnì lásán lọ? Ìbéèrè kejì: nínú àwọn igun tó ṣẹ́ kù, èwo ló máa kọ́kọ́ gba àlejò? Fún OCH₃ àti NO₂, ìdáhùn méjèèjì ń lọ sí ọ̀nà kan náà, ìdí nìyẹn tí tábìlì rẹ fi dà bíi pé òfin kan ṣoṣo ni.

Chlorine ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gba inú bọ́ǹdì C–Cl. Gbogbo òrùka ló ń mọ ìyẹn lára, torí náà ìyára wálẹ̀: chlorobenzene ń ṣe nǹkan bíi 0.033 ìyára bẹ́ńsíìnì, ká kúkú sọ pé ó lọ́ra ní ìlọ́po 30. Ó parí fún ìbéèrè kìíní. Ṣùgbọ́n chlorine ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dá wà, bíi ti oxygen. Nígbà tí àlejò bá wọ ortho tàbí para, tí ṣáàjì + sì dé orí 1, chlorine lè tì méjì sí i. Kò tó láti san gbogbo gbèsè fífà tó ti fà, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ortho àti para sàn ju meta lọ. Para tó ń jáde tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ortho ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, meta kì í ju nǹkan bíi 1% lọ.

Ṣàṣàrò

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fluorine ló máa burú jù. Òun ló ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jù nínú gbogbo ẹ̀dá. Fluorobenzene á lọ́ra ju chlorobenzene lọ fíìfíì.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ṣàṣàrò, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé fífà nìkan ló wà níbẹ̀. Fluorobenzene yára ju chlorobenzene lọ. Tí a bá pe bẹ́ńsíìnì ní 1 nínú iṣẹ́ nitration (fífi NO₂ sórí òrùka), fluoro wà ní bíi 0.15, chloro 0.033, bromo 0.030, iodo 0.18. Ẹ rí i pé kò tò lẹ́sẹẹsẹ: ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó wálẹ̀, ó tún gòkè.

Ohun tó fà á ni pé fífà àti títì kò dín kù ní ìwọ̀n kan náà bí a ṣe ń lọ láti F dé I. Fluorine ń fà gidigidi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fẹ́ tì wà nínú orbital (àyè tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé) tó ń jẹ́ 2p, 2p náà sì ni ti kábọ̀n. Ìwọ̀n wọn bára mu, wọ́n wọnú ara wọn dáadáa. Ti chlorine wà nínú 3p, ó tóbi, ó sì nà jìnnà, kò bá ti kábọ̀n mu. Chlorine ṣì ń fà púpọ̀, kò sì lè tì púpọ̀: ìdí rẹ̀ tó fi wà nísàlẹ̀ nìyẹn. Iodine kò lè tì dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ fà mọ́.

Ibòmíràn tún wà tí fluorine ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Fífà inú bọ́ǹdì máa ń le lọ́dọ̀ igun tó sún mọ́ ọn, á sì máa rọ bó ṣe ń jìnnà. Ortho ló sún mọ́ ọn jù. Nítorí náà fluorobenzene ń fi ortho sílẹ̀, para tó ń mú jáde ju 85% lọ, bẹ́ẹ̀ fluorine kò tóbi rárá débi tí a ó sọ pé ó dí ojú ọ̀nà.

Mo fẹ́ fi ẹ̀rí kan kún un fún ẹni tó bá rò pé àlàyé fífà àti títì yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 1937, Louis Hammett ti gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀, sigma, tó ń sọ bí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan ṣe ń fà tàbí tì. Ó gba ìwọ̀n náà láti ara bí benzoic acid tó ní gúrúùpù yẹn lórí ṣe lágbára tó. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ +, gúrúùpù ń fà. Tó bá jẹ́ −, ó ń tì. NO₂: para +0.78, meta +0.71. Ó ń fà níbi gbogbo. OCH₃: para −0.27, meta +0.12. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Gúrúùpù kan náà, oxygen kan náà. Láti para, títì ló ń borí. Láti meta, níbi tí títì ò ti lè dé, fífà oxygen nìkan ló hàn. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé OCH₃ ń fún gbogbo òrùka ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò tíì wo meta.

Ìdárayá99

Olùkọ́, ẹ pẹ̀lẹ́ sí wa o 😅. Ó wu mí kí n ti ka èyí kí n tó ṣe ìdánwò tèmi.

Arábìnrin_Nitro

Aniline wá kù. Àbúrò, ìwé kò ṣì í tẹ̀. Aniline tí o kọ sórí bébà kọ́ ló wà nínú ìgò. Aniline jẹ́ base. Kété tó bá kan sulphuric acid tó le, NH₂ á gba H⁺, á di NH₃⁺. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó yẹ kó tì sí òrùka ti so mọ́ H⁺, wọn ò sí lárọ̀ọ́wọ́tó mọ́. Ohun tó kù lórí 1 ni nitrogen tó ní ṣáàjì +. O ti mọ ohun tó ń tẹ̀ lé ìyẹn.

Nọ́ńbà tí àwọn ìwé máa ń fún wa: meta bíi 47%, para bíi 51%, ortho bíi 2%. Para tó pọ̀ yẹn ń wá láti ara ìwọ̀nba aniline tí kò tíì gba H⁺. Ó kéré jọjọ, àmọ́ ó yára débi pé ó bo àìpọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Mo fara mọ́ àlàyé àǹtí lórí meta. Lórí para, mi ò fara mọ́ ọn tán. Ẹ mú gúrúùpù N(CH₃)₃⁺ wá. Nitrogen yẹn kò ní háídírójìn kankan tó lè jù sílẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè di irú aniline tó ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ṣe nitration rẹ̀, meta tó bíi 89%, para tó bíi 11%. Níbo ni para 11% yẹn ti wá? Láti ara gúrúùpù tó ní + náà ni. Wọ́n sì rí i pé NH₃⁺ ń fàyè gba para ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí sulphuric acid bá le dé 98%, tí aniline tó ṣẹ́ kù láìgba H⁺ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, para ṣì ń jáde ní ìwọ̀n tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Tó bá jẹ́ pé aniline tó dá wà nìkan ló ń mú para wá, ó yẹ kí ó tán nígbà tí acid bá le tó bẹ́ẹ̀. Kò tán.

Arábìnrin_Nitro

Ẹ ṣeun, sà. Mo gbà fún acid tó le gan-an. Ṣùgbọ́n nínú acid tí omi wà nínú rẹ̀ díẹ̀, aniline tí kò gba H⁺ ṣì ń kópa, ẹ ò lè yọ ọ́ kúrò. Àbúrò, fún ìdánwò tìrẹ: kọ pé NH₂ di NH₃⁺, pé NH₃⁺ ń fà, pé àdàlù meta àti para ló ń jáde. Má kọ "meta nìkan".

Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ síta ni pé nitric acid tún máa ń sun aniline. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á di ọ̀dà dúdú tí kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ p-nitroaniline (p- dúró fún para, o- fún ortho, m- fún meta) kì í gba ọ̀nà yẹn rárá. Á kọ́kọ́ fi acetic anhydride bo NH₂, á di acetanilide. Nitrogen rẹ̀ ṣì ń tì sí òrùka, ṣùgbọ́n C=O ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń bá òrùka du ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì yẹn. Nítorí náà títì rẹ̀ wá níwọ̀n, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ base mọ́. Nitration rẹ̀ á fún un ní para jù lọ. Lẹ́yìn náà á sè é pẹ̀lú acid tàbí base, ìbòrí á bọ́, p-nitroaniline á kù.

Bromine náà nìyẹn. Da omi bromine sí aniline, igun mẹ́ta ni yóò kún lẹ́ẹ̀kan náà, 2, 4 àti 6. Ohun funfun á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò lójú ẹsẹ̀, láìlo catalyst kankan. Tí o bá fẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, bo NH₂ ná.

Atọ́kùn

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí látẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ti sọ nípa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìwọ̀n. Ortho jẹ́ igun méjì, para jẹ́ ọ̀kan. Tó bá jẹ́ orí ìwé nìkan, ortho á máa jẹ́ ìlọ́po méjì para nígbà gbogbo. Kì í rí bẹ́ẹ̀.

Toluene: ortho lé ní 55%, para sún mọ́ 40%, meta bíi 4%. Ó ṣì súnmọ́ méjì sí ọ̀kan. Yọ CH₃ kúrò, fi C(CH₃)₃ sí i. Ortho já wálẹ̀ sí bíi 16%, para gòkè dé bíi 73%, meta bíi 11%. Agbára títì gúrúùpù méjèèjì kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé C(CH₃)₃ fẹ̀ débi pé ó bo igun méjèèjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àlejò fúnra rẹ̀ bá tún tóbi, ọ̀rọ̀ ortho á túbọ̀ ṣòro. Ẹ wo Friedel-Crafts acylation (fífi gúrúùpù bíi COCH₃ sórí òrùka pẹ̀lú AlCl₃) lórí toluene, para ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ_Kẹ́mísìrì

Ẹ̀gbọ́n Atọ́kùn, ẹ ṣé. Tí ortho àti para bá jáde pọ̀ báyìí, báwo ni wọ́n ṣe ń yà wọ́n? Wọ́n máa ń kọ "para" nínú ìdáhùn bíi pé ortho ò sí.

Atọ́kùn

Para máa ń tò jọ dáadáa, torí ó ṣe déédéé lọ́tùn-ún lósì, nítorí náà ó máa ń ṣòro láti yọ́. p-nitrotoluene jẹ́ ohun líle tó ń yọ́ ní bíi 52 °C. O-nitrotoluene jẹ́ olómi nínú yàrá lásán. Mú àdàlù náà tutù, para á dì, wàá sẹ́ ortho kúrò. Ibi tí wọ́n ti ń hó náà yàtọ̀: ortho ní bíi 222 °C, para ní bíi 238 °C.

Ìdárayá99

Ó dáa. Ìbéèrè tó máa ń wá nínú ìdánwò gan-an ni pé "láti toluene, ṣe m-nitrobenzoic acid". Èmi máa ń ṣe nitration, kí n tó fi KMnO₄ sun CH₃ di COOH. Ẹ dá mi lóhùn, ṣé ó burú ni?

Arábìnrin_Nitro

Ìdárayá, ortho àti para ló máa pọ̀ jù nínú ohun tí o máa rí, kì í ṣe meta. CH₃ ló wà lórí òrùka nígbà tí NO₂ ń wọlé, òun ló sì máa darí rẹ̀. Fún meta, kọ́kọ́ sun CH₃ di COOH. COOH yóò wá rán NO₂ lọ sí meta. Iṣẹ́ méjì kan náà, o kàn yí èyí tó ṣáájú padà, ohun mìíràn pátápátá lo ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń wá p-nitrobenzoic acid ni ọ̀nà tìrẹ dára fún.

Nígbà tí mo bá ń ronú lórí irú ìbéèrè yìí, ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà bọ̀. Mo á wo ohun tí wọ́n fẹ́, mo á bi í pé nínú gúrúùpù méjì yìí, èwo ló lè rán èkejì síbi tó wà yìí? Èyí tó bá lè ṣe é ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ débẹ̀.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ o. Ẹ mú m-nitroacetophenone: NO₂ àti COCH₃, meta síra wọn. Méjèèjì ló ń darí sí meta, ẹnì kan lè rò pé èyíkéyìí lè ṣáájú. Rárá. Friedel-Crafts kì í ṣiṣẹ́ lórí òrùka tí NO₂ ti mú rọ. Nitrobenzene gan-an ni wọ́n máa ń lò bí omi tí wọ́n ń fi Friedel-Crafts ṣe nínú rẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní dá sí i. COCH₃ ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí NO₂ tẹ̀ lé e. Aniline náà kò gba Friedel-Crafts, ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ yàtọ̀: AlCl₃ á so mọ́ nitrogen rẹ̀, nitrogen á sì bọ́ sínú ipò tí NH₃⁺ wà.

Ṣàṣàrò

Tí gúrúùpù méjì bá ti wà lórí òrùka ńkọ́, tí wọ́n sì ń jà?

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù

Ìgbà mìíràn wọn kì í jà. p-nitrotoluene: CH₃ ń tọ́ka sí ortho rẹ̀, NO₂ ń tọ́ka sí meta rẹ̀, igun kan náà ni. Bromine á wọ ẹ̀gbẹ́ CH₃ láìsí àríyànjiyàn.

Tí wọ́n bá jà, èyí tó ń ta òrùka jí jù ló ń borí. p-cresol ní OH àti CH₃. OH lágbára jù, torí náà bromine á wọ ẹ̀gbẹ́ OH. Tí agbára wọn bá súnmọ́ra, àdàlù ni wàá rí, má fi àkókò ṣòfò láti wá ìdáhùn kan ṣoṣo. Igun tó bá há sáàárín gúrúùpù méjì tó wà ní meta síra wọn, fi sílẹ̀. Àyè ibẹ̀ kò gba ẹlòmíràn.

Atọ́kùn

Kí n fi kún ti Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí o bá fẹ́ ortho nìkan, o lè di àwọn igun yòókù pa ná. SO₃H ni wọ́n ń lò fún ìyẹn, torí iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé yí padà: ó ń wọlé nínú sulphuric acid tó le, ó sì ń jáde nígbà tí a bá sè é nínú acid tó lómi. Fún o-bromophenol, fi SO₃H sí 2 àti 4 lórí phenol (bẹ́ńsíìnì tó ní OH lórí), bromine kò ní ibòmíràn láti lọ ju 6. Lẹ́yìn náà yọ SO₃H méjèèjì. Tí o bá da omi bromine sí phenol tààrà, 2,4,6-tribromophenol lo máa bá. Tí o bá lo bromine nínú carbon disulphide ní ìtutù, láìsí omi, p-bromophenol ló máa pọ̀ jù.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ dán nitration wò nílé nítorí ohun tí a kọ síbí. Ó ń mú ooru púpọ̀ jáde. Nínú láàbù pàápàá, ti bẹ́ńsíìnì kì í kọjá 60 °C, kí NO₂ kejì má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ọmọ_Kẹ́mísìrì

Mo fẹ́ dán ara mi wò. Láti bẹ́ńsíìnì sí m-chloroaniline. Cl àti NH₂, méjèèjì ló ń darí sí ortho àti para, síbẹ̀ wọ́n wà ní meta síra wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè rán èkejì síbẹ̀. Nítorí náà mo kọ́kọ́ fi NO₂ sí i, mo fi Cl₂ àti FeCl₃ tẹ̀ lé e, Cl á lọ sí meta. Ìgbẹ̀yìn ni mo fi tin àti HCl sọ NO₂ di NH₂. Ṣé ó tọ̀nà?

Arábìnrin_Nitro

Ó tọ̀nà gan-an. Ìwọ náà ti rí i: NO₂ ni kó darí, kó tó yí padà di NH₂. Rántí láti sọ pé wàá gbé iná sí Cl₂ àti FeCl₃ náà, òrùka tó ní NO₂ kì í dáhùn kíákíá. Tí o bá sì ti sọ ọ́ di NH₂ kí Cl tó wọlé, ọ̀nà meta ti dí nìyẹn.

Ọmọ_Kẹ́mísìrì

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ẹyọ kan ló kù: phenyl benzoate, C₆H₅–CO–O–C₆H₅. Òrùka méjì ló ní. Tí a bá ṣe nitration rẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kan, èwo ni NO₂ á wọ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù

Èyí tó so mọ́ O. Oxygen yẹn ń tì sí i, bí C=O tilẹ̀ ń bá a du díẹ̀. Òrùka kejì so mọ́ C=O tààrà, fífà nìkan ló ń bá pàdé. Àyè kò sì gba ortho dáadáa níbẹ̀, torí náà kọ para.